Àga Méje Tó Kojú Sí Òkun

Àga ló ń kú mọ́ Àyọ̀ká lọ́wọ́. Ó ra àga irin, kò tíì pé oṣù méjì, ìpẹtà ti jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ìgbà tí eku bá jẹ iṣu. Ó ra àga onígi fúyẹ́fúyẹ́, òjò pa á, oòrùn sá a, ó sì ká kò bí etí ajá. Ó ra ti rọ́bà, atẹ́gùn òkun gbé e lọ ní ọ̀sán gangan. Àwọn apẹja pàdé rẹ̀ lójú agbami níbi tó ti ń lọ sí ìlú òyìnbó, wọ́n ní ẹyẹ òkun kan jókòó lé e bí ọba, kò tiẹ̀ kí wọn. Àga àbíkú ni gbogbo wọn. Bí èèyàn bá ń kọjá, tó ní "Ẹ kú ìjókòó o," Àyọ̀ká á wolẹ̀, torí pé orí òkúta ló jókòó sí.

Ìdí-Àgbọn ni wọ́n ń pe ìlú rẹ̀. Ìlú náà sún mọ́ òkun débi pé ẹni tó ń sebẹ̀ níbẹ̀ kì í wá iyọ̀ kiri. Kó ṣáà ṣí ìkòkò sílẹ̀, kó ka ení dé ẹẹ́wàá, ọbẹ̀ ti níyọ̀.

Tó bá jẹ́ pé ìdí lásán ni Àyọ̀ká ń wá ibi gbé sí, ọ̀rọ̀ náà ì bá má tó nǹkan. Ṣùgbọ́n oyè Ojú Òkun ṣófo lọ́dún náà. Ẹni tó bá jẹ oyè yìí ló máa ń dúró sí èbúté láàárọ̀ kùtù, á wo ìgbì, á wo òfuurufú, á wá sọ fún àwọn apẹja pé "Ẹ lọ" tàbí "Ẹ má lọ." Tó bá ti ní kí wọ́n má lọ, ọkọ̀ kankan ò gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀, ì báà jẹ́ ọkọ̀ ọba.

Ọdún mẹ́ta ṣáájú ìgbà náà, Ojú Òkun tó wà lórí oyè ṣàìsàn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Kò sẹ́ni tó ní "Ẹ má lọ." Olúgbódi, ọkọ Àyọ̀ká, wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó sì lọ. Ọjọ́ kẹta, ọkọ̀ náà dá padà wá sí èbúté fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n Olúgbódi ò sí nínú rẹ̀. Àyọ̀ká ló lọ pàdé ọkọ̀ òfìfo yẹn. Ìdí tó fi ń wá oyè náà nìyẹn, kí obìnrin mìíràn má baà rí irú ohun tí òun rí.

Ẹnìkan tún ń wá oyè náà. Òṣífẹ̀sọ̀ lorúkọ rẹ̀, ọkọ̀ méjìlá ló ní lójú omi. Ó máa ń sọ pé inú omi lẹja ń gbé, kí ló kan ẹja bí òjò bá ń rọ̀? Gbogbo ìlú mọ̀ pé bí ó bá joyè, "Ẹ lọ" nìkan ni yóò máa ti ẹnu rẹ̀ jáde, bí sánmọ̀ tiẹ̀ ń já lulẹ̀ ní wẹ́lẹwẹ̀lẹ.

Àṣà wọn ni pé ẹni tó bá fẹ́ jẹ Ojú Òkun á to àga méje síwájú ilé rẹ̀, kí wọ́n kojú sí òkun, láti ọjọ́ tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ títí di ọjọ́ tí ọyẹ́ bá fẹ́ dé. Àga náà ò gbọdọ̀ wọlé. Bí ọjọ́ bá pé, àgbà méje á wá jókòó lé wọn láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Bí ẹyọ kan bá yẹ̀, oyè yẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ní bí èèyàn ò bá lè mú àga dúró níwájú òkun, báwo ló ṣe fẹ́ mú ọkùnrin dúró?

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí òjò àkọ́rọ̀ dé, Àyọ̀ká gba ilé Èfúnyẹmí lọ. Ìyá arúgbó ni Èfúnyẹmí, owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún ló fi ń ṣàyẹ̀wò. Ó dàgbà débi pé àwọn arúgbó ìlú ló ń pè é ní Màmá Àgbà, wọ́n sì ní nígbà tó wà ní kékeré, odò lásán lòkun ṣì jẹ́. Ajẹrin-má-léyín, Afẹ́fẹ́-wọlé-má-kanlẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kì í. Òun ló ṣàyẹ̀wò fún Àyọ̀ká ní ọjọ́ tí ara ń ni ín, tí kò rí ìjókòó.

Àyọ̀ká kúnlẹ̀. "Ìyá mi, ẹ gbà mí. Irú àga wo ni kí n rà?"

Èfúnyẹmí da owó ẹyọ sórí ẹní. Ó wò wọ́n títí. "Rírà kọ́, ọmọ mi. Ẹbọ lo máa rú."

"Kí ni ẹbọ ọ̀hún, Ìyá?"

"Igi tó ti bá òkun jẹun, tí òkun ti jẹ títí tó ti sú òkun fúnra rẹ̀. Kí wọ́n má fi irin kàn án. Kí wọ́n fi àlàfo sí àárín pákó, kí òjò tó bá wá kí i lè rí ọ̀nà lọ sílé. Igbá òróró àgbọn méje, kí àga náà mu ún yó kí iyọ̀ tó dé. Ẹyẹlé méjì. Ọgọ́ta ẹ̀kọ, kí ará àdúgbò jẹ."

"Ẹyẹlé ò le, ẹ̀kọ ò le. Àgbọn, orí wa ló ń já lé lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n igi wo ló ti bá òkun jẹun, Ìyá?"

Èfúnyẹmí ò wojú rẹ̀. "O mọ igi náà. Ó wà lẹ́yìnkùlé rẹ, o máa ń fi omi tútù wẹ̀ ẹ́ bí ìgbà téèyàn ń wẹ ọmọ tuntun."

Àyọ̀ká ní, "Ọkọ̀ Olúgbódi nìyẹn. Ohun kan ṣoṣo tí òkun dá padà fún mi nìyẹn."

"Mo mọ̀. Bí kò bá dùn ọ́, kí la fẹ́ máa pè é ní ẹbọ sí?"

Ọjọ́ mẹ́ta ni Àyọ̀ká fi sunkún, omijé rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí akàn fi gbẹ́lẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ọjọ́ kẹrin, ó nu ojú, ó pa ẹyẹlé méjèèjì, ó pín ẹ̀kọ fún àdúgbò, ó sì ránṣẹ́ sí Ṣówándé, bàbá agbẹ́kọ̀ tó gbẹ́ ọkọ̀ náà ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn.

Igi apá ni ọkọ̀ náà, ó tóbi, ó ki. Ayùn mẹ́ta ló káyín sí i lára. Ìta rẹ̀ ti dà bí eérú, ṣùgbọ́n nígbà tí Ṣówándé là á, inú rẹ̀ ṣì pupa bí epo tuntun, ó sì ń ta sánsán. Bàbá náà bọ́ fìlà. "Ọgbọ̀n ọdún nínú iyọ̀," ló wí, "kò mọ̀ pé òun tiẹ̀ kúrò nínú igbó!"

Kò kan ìṣó kan. Èèkàn igi ló gbẹ́, ó lu ihò, ó gbá a wọlé, omi bà á, ó wú, òun àti pákó sì di ara wọn mú gírígírí. Ó fi àlàfo tó fẹ̀ bí ìka ọwọ́ kékeré sí àárín pákó. Ó dẹ ẹ̀yìn àga sẹ́yìn díẹ̀ kí omi lè yọ̀ kúrò níbẹ̀, ó sì gbé ẹsẹ̀ wọn sórí òkúta pẹlẹbẹ kí wọ́n má baà máa mu omi nínú iyanrìn. Àyọ̀ká fi òróró àgbọn pa wọ́n lẹ́ẹ̀meje, títí ara wọn fi ń dán bí ara ìyàwó.

Pákó tí Olúgbódi máa ń jókòó lé bó bá ń tukọ̀ ni wọ́n fi ṣe ìjókòó àga keje. Ìdí rẹ̀ ti jẹ ibẹ̀ wọlé bí àwo. Ṣówándé fẹ́ fá a kó tẹ́jú.

"Ẹ má fá a, Bàbá," Àyọ̀ká wí. "Ẹ jẹ́ ó wà bẹ́ẹ̀."

Òṣífẹ̀sọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ Èfúnyẹmí, ṣùgbọ́n kó lè rí nǹkan fi rẹ́rìn-ín ló ṣe lọ. Owó ẹyọ sọ ohun kan náà fún un. Nínú ọkọ̀ méjìlá, kó fọ́ èyí tó pẹ́ jù lójú omi.

"Ìyá," ló wí, "àṣé ẹ ti fi ẹyọ sílẹ̀, ẹ ti di káfíńtà? Kí n fọ́ ọkọ̀ tó ń pẹja, kí n wá fi jókòó?"

"Mo ti sọ ohun tí mo rí," Èfúnyẹmí wí, ó sì ká ẹní rẹ̀.

Òṣífẹ̀sọ̀ ránṣẹ́ sí ìlú ńlá. Àga irin méje ni wọ́n gbé dé, wọ́n fi irin tẹ òdòdó sí wọn lára, wọ́n kùn wọ́n bíi góòlù, wọ́n fi tìmùtìmù aláràn-án pupa lé wọn lórí. Wọ́n ń kọ mànàmànà débi pé àkùkọ ìlú ń kọ lọ́sàn-án. Bí Òṣífẹ̀sọ̀ ti ń kọjá níwájú ilé Àyọ̀ká, ó dúró.

"Àyọ̀ká, ṣé àga nìyí, àbí ọkọ̀ tó rì?"

"Ọkọ̀ ni, ẹ̀gbọ́n. Ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń rì, kò ní rì."

Òjò bẹ̀rẹ̀. Òṣífẹ̀sọ̀ ro ó, ó rẹ́rìn-ín. Òfin ní kí àga má wọlé, òfin ò ní kí àga má wọṣọ. Ló bá fi ọ̀rá tapólì di gbogbo wọn, ó fi okùn wé wọn pinpin, kò sí ibi tí èémí lè gbà. "Àga tèmi ń sùn nínú aṣọ," ló ń wí káàkiri, "ti ẹlòmíràn ń sùn níhòòhò." Ó ní òun ò ní tú wọn títí ọjọ́ tí gbogbo ìlú á fi pé jọ wò wọ́n. Òkun ń fẹ́ iyọ̀ gba ilẹ̀ wọ abẹ́ tapólì náà, oòrùn ń sè é, kò ríbi jáde. Òjò na àga Àyọ̀ká, atẹ́gùn nù ún gbẹ. Lóṣooṣù ni Àyọ̀ká ń fún un lóróró mu.

Ọjọ́ pé. Àgbà méje jáde. Bàbá Adébámbò ni olórí wọn, ọkùnrin tó sanra tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé bó bá wọ ọkọ̀ lápá kan, apá kejì á gòkè débi tí ẹyẹ ń sùn sí. Ilé Òṣífẹ̀sọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ yà sí. Gbogbo ìlú ti pé. Wọ́n gé okùn, wọ́n ṣí tapólì.

Òórùn ló kọ́kọ́ jáde. Akàn mẹ́ta sáré tẹ̀ lé e. Góòlù ti lọ, ìpẹtà ló kù, tìmùtìmù ti hu olú funfun. Bàbá Adébámbò wò ó. Ó ní àṣà ni àṣà. Ó jókòó. Àga náà ò tiẹ̀ ké. Ó kàn di ìyẹ̀fun lábẹ́ bàbá, ilẹ̀ mì, àgbọn mọ́kànlá já bọ́. Àwọn tó wà níbẹ̀ ṣì ń búra pé òdòdó irin kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ bàbá nígbà tí wọ́n gbé e dìde.

"Òṣífẹ̀sọ̀," bàbá wí, ó ń gbọn ìpẹtà nù, "gba òdòdó rẹ."

Wọ́n lọ sílé Àyọ̀ká. Àga méje ń dúró dè wọ́n, wọ́n ti funfun bí irun àgbà, ara wọn ń jọ̀lọ̀. Àgbà mẹ́fà jókòó. Bàbá Adébámbò gba ti keje, ó rọra sọ ara rẹ̀ kalẹ̀, gbogbo ìlú di èémí mú. Àga náà ò dún. Wọ́n jẹ, wọ́n mu, bàbá sùn, ó hanrun títí ìgbì fi ń dá a lóhùn. Nígbà tí oòrùn wọ̀, ó jí, ṣùgbọ́n kò dìde.

"Ta ló ti jókòó síbí rí?"

"Olúgbódi ni, Bàbá."

Bàbá fọwọ́ pa ara àga náà. "Ó ṣì ń gbé èèyàn dúró," ló wí. Ibẹ̀ ló ti fi oyè lé Àyọ̀ká lórí.

Ọdún kejì, ní òwúrọ̀ kan tí òkun tẹ́jú bíi dígí, Àyọ̀ká wo ìsàlẹ̀ sánmọ̀, ó ní, "Ẹ má lọ." Òṣífẹ̀sọ̀ ti wà nínú ọkọ̀, òun àti gbogbo ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Ó kùn, ó ráhùn, ṣùgbọ́n ó sọ̀kalẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, ìjì ti dé. Òkun nàró, ó ń fọwọ́ ara rẹ̀ já àgbọn lórí igi. Gbogbo ọkọ̀ wà nílẹ̀, ẹ̀mí kan ò lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Òṣífẹ̀sọ̀ wá síwájú ilé Àyọ̀ká.

"Ojú Òkun," ló wí, "ṣé mo lè jókòó?"

Àyọ̀ká na ọwọ́ sí àga keje. "Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n. Kò ní wó."

Báyìí la ṣe gbọ́ ọ, báyìí la ṣe ń sọ ọ́. Àyọ̀ká gbọ́ ẹbọ, ó fi ohun tó dùn ún jù rú u, oyè mọ́ ọn lórí, àga ò yẹ̀ ẹ́, títí tó fi dàgbà kò tún sí ọkọ̀ òfìfo tó dá wá sí èbúté. Òṣífẹ̀sọ̀ fi ẹbọ rẹ́rìn-ín, orí àga ẹni tó rú u ló sì wá jókòó sí kábàámọ̀.