Ẹ̀gbà Ẹsẹ̀ Mọ́rẹ́nikẹ́

Àwọn tí ó wà ní ilé ìdáná lọ́jọ́ náà kò ju márùn-ún lọ: Ìyá Àlàdé tí ó ni ibẹ̀, Àlàdé ọmọ rẹ̀, Mọ́rẹ́nikẹ́, ìyàwó tí Àlàdé ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé, ìyá Mọ́rẹ́nikẹ́ tí ó wá kí ọmọ rẹ̀ láti Ìrágbìjí, àti Efúnyẹmí amọ̀kòkò, ìyàwó kékeré nínú ẹbí, tí amọ̀ kì í tán ní èékánná rẹ̀.

Ojú ti ti Ìyá Àlàdé rí. Ìyàwó tí ọmọ rẹ̀ kọ́kọ́ fẹ́ gbẹ bí igi kí ó tó kẹ́rù lọ, àdúgbò sì ń sọ pé ebi ìyá ọkọ ló lé e. Nígbà tí Mọ́rẹ́nikẹ́ dé, Ìyá Àlàdé pinnu pé wọn kò ní rí bẹ́ẹ̀ sọ mọ́. Iyọ̀ ṣọ̀wọ́n láyé ìgbà náà. Ẹni tí ọbẹ̀ rẹ̀ bá níyọ̀ dáadáa ni wọ́n ń pè ní ọ̀làwọ́. Ìyá Àlàdé ń da iyọ̀ sí ọbẹ̀ ìyàwó bí ẹni ń da yanrìn.

Kò pé oṣù mẹ́ta tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Mọ́rẹ́nikẹ́ kún, tí ẹ̀gbà idẹ tí ó gbé wá láti ilé há mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyá Àlàdé ń rán an níṣẹ́ káàkiri kí ayé lè rí i. Bí ó bá padà dé, a máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ìyá Àlàdé rí i, ó sì gbójú kúrò.

"Àna mi, ẹ kú ìtọ́jú," ni ìyá Mọ́rẹ́nikẹ́ wí lọ́jọ́ náà. "Ọmọ mi ti sanra."

"Ọbẹ̀ tó níyọ̀ ni. Àwọn kan ní n kì í fún ìyàwó lóúnjẹ. Kí wọ́n wá wò ó."

Efúnyẹmí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun Mọ́rẹ́nikẹ́, ó sì mú ìka kúrò. Ojú ìka náà jìn sínú. Kò kún padà.

"Ìyálé mi, ẹ má bínú. Amọ̀ tí a bá tẹ̀ tí ojú ìka ò kúrò lára rẹ̀, omi ló wà nínú rẹ̀. Omi lẹ fi ń yangàn."

"Ìwọ tó ń jẹ ọbẹ̀ àìníyọ̀, ìlara ò ní pa ọ́."

"Ẹ̀yin náà, ẹ tẹ̀ ẹ́."

Àlàdé wo ìyá rẹ̀. Mọ́rẹ́nikẹ́ ló fọhùn, ohùn rẹ̀ kò sókè.

"Ìjókòó ni mò ń sùn láti ijọ́ yìí, Màmá; bí mo bá dùbúlẹ̀, mi ò lè mí dáadáa. Mi ò sọ ọ́ nítorí mi ò fẹ́ kí wọ́n tún rí nǹkan sọ sí yín ni."

Ìyá Àlàdé dìde. Ó kúnlẹ̀ níwájú àna rẹ̀ tí ó kéré sí i lọ́jọ́ orí.

"Ọmọ yín kò sanra. Ó wú ni. Ọwọ́ mi ló ti wá."

Ó gbé ìkòkò iyọ̀ fún Efúnyẹmí. Ó já ẹfinrin ẹ̀yìn ilé ìdáná, èyí tí ó ti kà sí ewé tí a fi ń lé ẹ̀fọn lásán, ó sè é, ó ń fún Mọ́rẹ́nikẹ́ mu láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ọbẹ̀ rẹ̀ kò níyọ̀ mọ́. Mọ́rẹ́nikẹ́ ń jáde tọ̀ ṣáá. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ibi tí ó ti ń fọ ẹsẹ̀ ni ẹ̀gbà náà ti yọ fúnra rẹ̀, tí ó bọ́ sílẹ̀.

Àdúgbò tún bẹ̀rẹ̀: wọ́n ní ebi ti ń pa ìyàwó Àlàdé. Ìyá Àlàdé gbọ́, ó ń se ọbẹ̀ àìníyọ̀ rẹ̀ lọ. Ìyàwó rẹ̀ ń sùn ní ìdùbúlẹ̀.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé wíwú kọ́ ni sísanra. Ìwọ Ìbíwùnmí tí mò ń pa ìtàn yìí fún, kí o tó kí ẹnikẹ́ni pé ó sanra, kọ́kọ́ bi í léèrè bí ó ṣe sùn.