Ta Ló Gba Iṣẹ́ Kànga?

Bí mo bá parọ́, kí eyín mi yọ. Ó dáa, ẹyọ kan péré ni kó yọ.

Olùkọ́ kan ń kọ́ àwọn oníròyìn ìlú wa bí wọ́n ṣe ń tú àṣírí. Fadérera, ọ̀kan nínú wọn, mú ìwé kan dé: "Ọ̀gá, Àjàgbé ló gba iṣẹ́ kànga wa, tí kò gbẹ́ ẹ."

Olùkọ́ ní, "Ta ní ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nílùú yìí?"

Ìyá Olùkọ́, tó gbé oúnjẹ wá fún un, bú sẹ́rìn-ín: "Àjàgbé mi! Ṣé o ti gbàgbé oríkì rẹ ni?"

Gbogbo wọn lanu sílẹ̀.

"Yéè!" ni Fadérera ké. "Ẹni tó bá wá ìwákúwàá, á rí ìríkúrìí!"

Olùkọ́ bẹ́ gba ojú fèrèsé sá lọ. Irọ́ mi nìyẹn. Ṣe ló dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má gbé ìròyìn náà sórí rédíò.

Fadérera gbé e.