Igbó Tí Kò Ní Ààlè

Ní ìlú Ìdí-Ayin, bí ènìyàn bá na ọwọ́ sí ohun tó jọ pé kò ní ẹni tó ni ín, ohun tí wọn yóò sọ fún un ni pé, "Igbó tí kò ní ààlè kò ṣàìní olúwa." Ọ̀rọ̀ náà máa ń rú àlejò lójú. Ṣebí ààlè la fi ń mọ ohun olóhun? Ògbólógbòó ìgbálẹ̀, àkísà tàbí ṣùkù àgbàdo tí a so mọ́ igi, bí ọmọlúàbí bá ti rí i, yóò yà fún un. Igbó tí kò ní irú rẹ̀ wá ńkọ́, ta ló tún fẹ́ pe ara rẹ̀ ní olúwa ibẹ̀? Àfi kí a sọ ti Òjèlabí.

Àgbẹ̀ paraku ni Òjèlabí, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi ju ọkọ́ rẹ̀ lọ. Apá òkè níbi tí òjò ti ń ṣahun ni ìlú wọn wà. Lẹ́yìn ìlú ni pápá kan wà tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́gùn-ún. Yàtọ̀ sí igi òrí díẹ̀, igi kúkúrú tó wé mọ́ra ló kún ibẹ̀, àti koríko gbígbẹ, òkúta àti ilé ikán. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, ojú rẹ̀ kì í fani mọ́ra rárá. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni àparò ń yé sí, ibẹ̀ ni ẹtu ń sá pamọ́ sí, ibẹ̀ nìkan sì ni akíka kù sí ní gbogbo agbègbè náà, ẹranko tí ìpẹ́ bo ara rẹ̀ bí ẹja, tó ń fi ahọ́n gígùn lá ikán jẹ.

Lọ́dún kan, àwọn àgbà fẹ́ fi ẹnì kan jẹ Olórí Àgbẹ̀. Òjèlabí ti pinnu pé òun ni, ó sì fẹ́ kí iṣu òun pọ̀ débi tí ẹnikẹ́ni kò fi ní lè bá òun du oyè náà. Ló bá rìn yí Ẹlẹ́gùn-ún po, ó ń wá ààlè. Kò rí ìgbálẹ̀, kò rí àkísà. Ó lọ bá Baálẹ̀, ìyẹn sì sọ fún un pé bàbá òun kò dáko níbẹ̀, bàbá bàbá òun náà kò dá a, òun kò sì mọ ìdí tí wọn kò fi dá a. Òjèlabí ní ilẹ̀ tí àwọn ọ̀lẹ ń wò níran ni òun máa sọ di oúnjẹ.

Nígbà tí ọyẹ́ mú dáadáa, ó ti iná bọ pápá náà. Ẹran ń sá jáde, àwọn tó bá a wá sì ń fi kùmọ̀ dúró dè wọ́n. Ìdajì pápá ti jó kí iná tó kú síbi àpáta kan láàárín rẹ̀. Akíka kò mọ eré sá. Bó bá ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀, ńṣe ló ń ká ara rẹ̀ jọ bí òṣùká, wọ́n sì ń ṣà á bí ẹni ń ṣa ìgbín. Òjèlabí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn aládùúgbò jẹ ẹran nílé rẹ̀, wọ́n sì yìn ín.

Ó kọ ebè síbi tó jó náà, eérú ilẹ̀ sì mú kí iṣu ta gan-an. Ó kọ́ ọgbà iṣu tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ oko, ó kó gbogbo iṣu tí ilé rẹ̀ yóò jẹ síbẹ̀, ó sì kó èbù tí yóò gbìn lọ́dún tó ń bọ̀ tì í. Kò kó nǹkan kan pamọ́ síbòmíràn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé iṣu kan, ó fúyẹ́. Ó fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, èèpo lásán ni. Èyí tó tẹ̀ lé e náà rí bẹ́ẹ̀. Kò rí ibi tí olè fọ́ wọlé, kò rí ipa ẹsẹ̀, ló bá ní àwọn tó ń bá òun du oyè ló ń fi oògùn jẹ iṣu òun láti òkèèrè. Ó wá ògbólógbòó ìgbálẹ̀, ó fi àkísà pupa dì í, ó so ó mọ́ òpó ẹnu ọgbà. Ó ń kígbe kí gbogbo àgbẹ̀ lè gbọ́ pé ẹni tó bá tún fọwọ́ kan iṣu òun, ààlè yóò dá a lẹ́jọ́.

Ìgbà tó máa fi padà wá, ìdí ìgbálẹ̀ ló kù. Ọ̀nà amọ̀ tínínrín kan gba ara òpó gòkè dé ibi tó so ó mọ́. Ikán ti jẹ ààlè. Ó ti òpó, òpó dá. Ó sáré tú èbù wò, kò sí èyí tó ṣe é gbìn níbẹ̀.

Ibẹ̀ ni Àyọ̀ká, ìyàwó rẹ̀, bá a tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó gbé agbọ̀n wá láti kó iṣu.

"Ìyá Ìgè, ikán ni," Òjèlabí ní. "Ikán ti wà ní pápá yìí kí wọ́n tó bí mi. Kí ló dé tí kò jáde láti ọjọ́ yìí?"

Àyọ̀ká sọ agbọ̀n kalẹ̀. Ojú ti òun náà.

"Baba Ìgè, ẹ wá ààlè títí, ẹ ò rí i. Ẹni tó ni ibẹ̀ ò mọ ààlè é so. Igi gbígbẹ ni ikán ń jẹ, akíka sì ń jẹ ikán. Ẹ sun igi ikán, ẹ wá kó olúwa igbó wálé fún mi. Èmi ni mo lọ ata sí i."

Ẹlòmíràn ló jẹ oyè náà. Lọ́dún yẹn, ọ̀dọ̀ àwọn tó pè ní ọ̀lẹ ni Òjèlabí ti lọ tọrọ èbù, àánú rẹ̀ sì ṣe wọ́n, wọ́n fún un. Ó fi ilẹ̀ tó sun sílẹ̀ kí igi lè hù padà.

Nígbà tó pẹ́, àwọn ọdẹ kan gbé iná wá sí ìdajì pápá tó kù lẹ́yìn àpáta. Wọ́n bá Òjèlabí níbẹ̀, wọ́n sì bi í pé ta ló ni ibẹ̀ tí àwọn kò rí ààlè kankan.

"Igbó tí kò ní ààlè kò ṣàìní olúwa," ó dá wọn lóhùn. "Mo ti jẹ olúwa apá ọ̀hún tán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ ti ibí."