Àwẹ̀ró àti Ẹtù Baálẹ̀

"Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná." Tọmọdé tàgbà ló ń pa òwe yìí, àmọ́ ta ni nínú wa ló mọ ẹni tó kọ́kọ́ pa á? Obìnrin ni, ó sì tó obìnrin í pè.

Láyé ọjọ́un, ibà kan wọ abúlé Òkè-Ìràwé, ó ń pa èèyàn bí ẹni ń gé koríko. Ọmọ méjì ló pa mọ́ Àwẹ̀ró lójú, ó wá ku Àrínpé, àbíkẹ́yìn rẹ̀, nìkan. Níbi tó ti ń ṣọ̀fọ̀ ló ti fura. Àṣà wọn ni pé bí òkú bá ti wọlẹ̀, àwọn ẹbí á pín aṣọ rẹ̀. Ẹni tó bá sì gba aṣọ, kò ní pẹ́ tí ibà á fi gbé e dálẹ̀. Àwẹ̀ró tú ojú rírán aṣọ kan wò, ó bá iná níbẹ̀, kòkòrò wínníwínní tí ń mu ẹ̀jẹ̀ èèyàn, wọ́n tò bí ọkà bàbà.

Kò sinmi mọ́. Ilé dé ilé ló lọ, ó bẹ̀, ó jà, títí wọ́n fi gbà láti máa se aṣọ ní gbogbo ọjọ́ ọjà, kí wọ́n sì máa fi èékánná pa iná tó bá kù. Nígbà tó yá, ibà lọ. Wọ́n gbé Àwẹ̀ró gẹ̀gẹ̀.

Àmọ́ ara tó bá tù tètè ń gbàgbé ìnira. Wọ́n ní igi ìdáná ti wọ́n jù, wọ́n dá aṣọ sísè dúró. Àwẹ̀ró nìkan ló kù tó ń yẹ aṣọ aláṣọ wò. Baálẹ̀ Ọ̀jẹ́rìndé ránṣẹ́ pè é.

"Àwẹ̀ró, ibà ti lọ. Lọ fọwọ́ rẹ, jàre. Ṣé èékánná ẹlẹ́jẹ̀ yìí lo fi ń rokà fọ́kọ ni?"

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. "Baba, ẹ má bínú. Ibà lọ lóòótọ́, ohun tó gbé e wá ò tíì lọ. Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná."

Àwọn ìjòyè rẹ́rìn-ín títí. Wọn ò mọ̀ pé aṣọ ẹtù Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ kò kan omi gbígbóná rí. Ogún baba rẹ̀ ni, ó dúdú minimini. Ó ní bí wọ́n bá sè é, aró á ṣí. Òun ló fi ń bo Ìbídùn, ọmọ-ọmọ rẹ̀, nígbà ọyẹ́. Kí ọyẹ́ tó kásẹ̀ nílẹ̀, ara Ìbídùn gbóná janjan.

Gbogbo ilé sá. Ẹlòmíì ìbá ní, "Mo ti wí tẹ́lẹ̀." Àwẹ̀ró kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó fi Àrínpé sọ́dọ̀ ìyálé rẹ̀, ó wọnú yàrá náà, ó fá irun ọmọ, ó wẹ̀ ẹ́, ó ń fún un lómi ẹ̀kọ díẹ̀díẹ̀ títí ara rẹ̀ fi balẹ̀. Àánú ń ṣe é, ẹ̀rù sì ń bà á, síbẹ̀ kò kúrò níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló nawọ́ sí ẹtù. Baálẹ̀ di aṣọ náà mú. Ó wo Ìbídùn, ó bú sẹ́kún, òun fúnra rẹ̀ sì gbé ẹtù baba rẹ̀ sínú omi tó ń hó. Aró ṣí lóòótọ́. Baálẹ̀ wá jókòó ti Àwẹ̀ró lórí ẹní, ó ń yẹ aṣọ ilé rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, títí èékánná tirẹ̀ náà fi pọ́n.

Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń pa òwe yìí bí ẹnì kan bá fẹ́ káwọ́ gbera nítorí pé ìyà ti dínkù, tí ohun tó fà á kò sì tíì tán. Bí wọ́n bá pa á fún ọ, wọn ò bú ọ. Iṣẹ́ ló kù, padà sídìí rẹ̀.