Àdàkọ Tí Kò Pé

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi ta gìẹ̀, ó balẹ̀ gbì, ó di ìlú Òkè-Ìròrò, ọ̀dọ̀ Àwẹ̀ró agbẹ̀bí àti Lásùnkànmí, ọkùnrin tó ń fi kọ̀ǹpútà da iṣẹ́ oníṣẹ́ kọ. Ẹ sún mọ́ mi. Bí mo bá dá orin, "Àdàkọ" ni kí ẹ máa gbè.

Ogójì ọdún ni Àwẹ̀ró fi gbẹ̀bí ní ọsibítù. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, orúnkún kò jẹ́ kó lè rìn dé àwọn abúlé mọ́. Ó ní òun kò ní gbé ìmọ̀ òun wọ sàréè. Ó ta ewúrẹ́, ó ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó bẹ ayàwòrán kan lọ́wẹ̀. Ọdún kan gbáko ni wọ́n fi ṣe fídíò tó ń kọ́ni bí a ṣe ń gbẹ̀bí níbi tí kò ti sí nọ́ọ̀sì. Èrè orí rẹ̀ ni yóò fi ṣe èkejì, ti gìrì tó ń pa ọmọ wẹ́wẹ́.

Fídíò kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan lóde tí Lásùnkànmí fi ra ẹyọ kan. Ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, wéré, ẹyọ kan ti di ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n fídíò náà gùn, kò jẹ́ kí fíìmù mìíràn ráyè nínú káàdì mẹ́mọ́rì tó ń tà. Lápá ìparí, Àwẹ̀ró dárúkọ ara rẹ̀, ó sì sọ ibi tí a ti lè rà á. Lásùnkànmí gbọ́ orúkọ yẹn, kò wo ohun tó tẹ̀lé e. Ó gé ìparí náà fáú, ó sọ ọ́ nù. Ló bá dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ń kọrin:

Ẹ wá gbà á lọ́wọ́ mi o,
*Àdàkọ!*
Ọ̀pọ̀ rè é, ẹ má lọ jìnnà,
*Àdàkọ!*
Ti olóhun kò kúrò nílé,
*Àdàkọ!*
Ta ni mo wá jà lólè o?
*Àdàkọ, àdàkọ, à ń dà á kọ!*

Fóònù ń gbà á lọ́wọ́ fóònù bí iná ọyẹ́. Ẹsẹ̀ oníbàárà dá nílé Àwẹ̀ró. Ìyá náà fi ọ̀pá tilẹ̀ kẹ́ẹ́kẹ́ẹ́, ó bá Lásùnkànmí ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní iṣẹ́ òun ló gé, tó sì ń pín kiri.

"Ẹ má bínú, Màmá," ni Lásùnkànmí wí. "Mi ò jí nǹkan yín. Tiyín ṣì wà lọ́wọ́ yín."

"Ó wà lọ́wọ́ mi lóòótọ́. Ta ni yóò wá bá mi rà á? Bí o kò bá lè ṣe kí o má mú un, má gé e. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni."

Lásùnkànmí rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn èèyàn kò fẹ́ ọ̀rọ̀ gígùn. Àwẹ̀ró padà sílé, ó kó ìwé tó fi ń ṣètò fídíò kejì sínú àpótí, ó tì í. Kò ṣe é títí dòní.

Nígbà tó yá, Àdùfẹ́, ìyàwó Lásùnkànmí, lóyún. Oyún ti wọ oṣù kẹjọ nígbà tó lọ kí ìyá rẹ̀ lábúlé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, ìrọbí mú un. Ìyá rẹ̀ ní kò sí wàhálà, fídíò ọkọ ọmọ òun wà nínú fóònù. Òun àti àwọn obìnrin ilé fọwọ́ bí fídíò ṣe wí, wọ́n tẹ́ aṣọ bó ṣe wí. Ọmọ bọ́ sílẹ̀, ó ké, obìnrin ni. Wọ́n gé ìwọ́ bó ṣe wí. Àwòrán bá kú.

Ẹ̀jẹ̀ kò dá. Aṣọ kan rin gbindin, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Aṣọ kejì rin. Wọ́n tún fídíò ṣí, bóyá àwọn fo ibì kan. Ó tún parí síbẹ̀. Wọ́n ní bí nǹkan kan bá kù láti ṣe, ìbá wà níbẹ̀. Ọ̀kadà mẹ́ta wà lábẹ́ igi lẹ́nu ọ̀nà abúlé. Kò sẹ́ni tó pe ọ̀kan. Kí oòrùn tó wọ̀, Àdùfẹ́ ti kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ìyá Àdùfẹ́ pọn ọmọ tuntun náà lọ bá Àwẹ̀ró. Lásùnkànmí tẹ̀lé e.

"Ìyá," ni ìyá Àdùfẹ́ wí, "kí ló kù níbẹ̀?"

Àwẹ̀ró gbé ojúlówó jáde. Wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀: "Bí ẹ̀jẹ̀ bá rin aṣọ méjì, ẹ má wò mí mọ́. Ẹ gbé e, ó di ọsibítù."

Ìyá Àdùfẹ́ kò sunkún. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun tún un gbọ́. Lásùnkànmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Dìde," ni Àwẹ̀ró wí fún un. "Lọ kó àwọn àdàkọ náà padà."

Ìlú ṣòfin pé kò sí ṣọ́ọ̀bù tó gbọdọ̀ ta iṣẹ́ tí olóhun kò fọwọ́ sí. Lásùnkànmí ti ilẹ̀kùn tirẹ̀ gbọn-in, ó ń bẹ àwọn èèyàn kiri:

Ẹ bá mi pa á rẹ́ o,
*Àdàkọ!*
Èyí tí mo tà kò pé o,
*Àdàkọ!*
Ó ti gba aya lọ́wọ́ mi,
*Àdàkọ, àdàkọ, à ń dà á kọ!*

Ó dé ìlú keje. Aboyún kan níbẹ̀ sọ fún un pé òun ti pa tòun rẹ́, ṣùgbọ́n òun ti kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí ogún èèyàn, òun kò sì mọ ibi tí àwọn náà fi ránṣẹ́ sí. Lásùnkànmí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ń lọ láti fóònù dé fóònù síbẹ̀, títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Ibi tí ẹsẹ̀ àlọ́ mi dúró sí nìyí. Bí mo bá purọ́, kí ahọ́n mi má mọ adùn iyọ̀ mọ́. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tó fi ọpọlọ ṣiṣẹ́ ló ni iṣẹ́ rẹ̀, bí àgbẹ̀ ṣe ni oko. Ẹni tó gbé epo lájà kò sì jalè bí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wá olóhun lọ, kí ẹ gba ojúlówó lọ́wọ́ rẹ̀.