Fèrè Òbúkọ Níbi Ìjàkadì Odò

Àlọ́ o!
Àlọ̀!
Àlọ́ mi dìde fùú, ó bọ́ sẹ́nu fèrè Òbúkọ.

Òbúkọ ní, "Orin àtijọ́ ti sú ayé. Orin jáàsì tí mo kọ́ nílùú ńlá ló yẹ ìjàkadì yìí. Ẹ fi í lé mi lọ́wọ́!"

Ẹ̀yin ọmọ, ọ̀gbẹlẹ̀ le lọ́dún náà. Ẹran ilé àti ẹran igbó ń fi ìjàkadì ẹ̀ẹ̀mẹta du odò kan ṣoṣo tó kù nítòsí. Àgbò ló ń jà fún ẹran ilé, Ìnàkí ló ń jà fún ẹran igbó. Bí èrò bá ti gbe orin ni Àgbò máa ń forí sọ.

Òbúkọ fọn fèrè. Èrò lanu, orin yà bàrá.

"Bọ̀dá Òbúkọ, ibo la ti máa gbè é?"

"Ará oko! Jáàsì kì í dúró de ègbè."

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀yin náà ẹ má wulẹ̀ lanu; kò síbi tẹ́ ẹ máa gbà wọlé.

Àgbò ń retí ègbè, Ìnàkí gbé e ṣánlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì, bákan náà. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹsẹ̀ Àgbò kán.

Odò di ti ẹran igbó. Láràárọ̀ ni Òbúkọ ń rìn lọ sódò ọ̀nà jíjìn, tó ń fi fèrè rẹ̀ pọn omi wá fún Àgbò. Kò sẹ́ni tó bá a wí. Òun fúnra rẹ̀ ló fi amọ̀ dí gbogbo ihò fèrè náà, kí omi má baà jò.