Àkọsílẹ̀ Oògùn Tó Bá Àlejò Lọ

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Láwòyín, tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn kan, a máa pa òwe yìí fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ó gba àwọn ètò kọ̀ǹpútà kan láti ibùdó àjèjì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ń da ẹ̀rọ láàmú. Ó yọ ibùdó náà kúrò nínú àwọn ibi tí ẹ̀rọ ti ń gba ètò, ṣùgbọ́n àwọn ètò rẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀rọ.

“Àlejò tó ti wọlé kì í jáde nítorí pé o tilẹ̀kùn,” ni Màmá Dérin, ọ̀gá rẹ̀, wí. “Kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn. Lẹ́yìn náà, fi irú wọn láti ibùdó tiwa rọ́pò wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.”

“Ẹ̀yin àgbà, ẹ ti falẹ̀ jù!” ni Láwòyín fèsì.

Kò ṣe ẹ̀dà kankan, ó ní kí ẹ̀rọ fa gbogbo àwọn ètò náà tu. Ẹ̀rọ to ohun tí yóò bá wọn lọ sílẹ̀ fún un. Láwòyín kò kà á. Ó tẹ “Bẹ́ẹ̀ ni.”

Àkọsílẹ̀ oògùn gbogbo aláìsàn bá wọn lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó mú bírò àti bébà, ó tọ bàbá arúgbó aláìsàn kan lọ.

“Bàbá, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wo lẹ ń lò?”

Bàbá arúgbó náà wo kọ̀ǹpútà, ó wo Láwòyín.

“Ọmọ mi, ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ síbẹ̀?”